Kí A Tó Pààrọ̀ Iná Ilé: Ẹ̀kọ́ fún Ilé Àtijọ́ àti Ilé Tuntun

 Ní àkókò àjọ̀dún, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé-ẹ̀kọ́ wa a máa padà wá sí Ìlọrin láti Èkó, Àbújá, London àti Houston. Nígbà tí ẹ bá ti kí àwọn olùkọ́ yín tán, tí ẹ sì ti ya fọ́tò pẹ̀lú ẹgbẹ́ yín, ilé àwọn òbí yín ni ẹsẹ̀ yín ń gbà lọ. Ibẹ̀ ni ẹ ti ń rí i pé gílóòbù yàrá Màmá ń ṣẹ́jú, pé fúlọ́rẹ́sẹ́ǹtì pálọ̀ ti dúdú ní ìpẹ̀kun méjèèjì, àti pé lámpù-hódà ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti já kúrò lára àjà, tí ó jẹ́ wáyà nìkan ni ó gbé e dúró. Lójú ẹsẹ̀ ni ẹ ó ti ránṣẹ́ sí ọjà fún ohun èlò tuntun, tí ẹ ó sì bèèrè àkàbà lọ́wọ́ aládùúgbò.

Inú rere ni ó ń mú ọmọ ṣe irú iṣẹ́ yìí fún òbí rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó jọ kékeré yìí wà lára àwọn tí ó ń sọ ilé ayọ̀ di ilé ọ̀fọ̀. Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ fà yọ kò ju ọ̀kan lọ: ilé kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ orí tirẹ̀, ọjọ́ orí ilé ni ó sì máa ń sọ bí wáyà inú rẹ̀ ṣe rìn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ohun èlò iná, kí ó kọ́kọ́ mọ irú ilé tí ó wà, kí ó mọ gbogbo ọ̀nà tí iná ń gbà wọ ilé náà, kí ó sì fi ohun èlò ìdánwò wádìí dípò ojú lásán.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìyàtọ̀ kan ná. Pípààrọ̀ gílóòbù jẹ́ iṣẹ́ kan. Pípààrọ̀ ohun tí gílóòbù ń wọ̀, ìyẹn lámpù-hódà, ilé fúlọ́rẹ́sẹ́ǹtì, iná pẹlẹbẹ inú POP, tàbí iná ẹlẹ́ka tí a ń gbé kọ́ sí pálọ̀, jẹ́ iṣẹ́ mìíràn. Nínú ti àkọ́kọ́, wáyà wà ní ìpamọ́. Nínú ti èkejì, ọwọ́ ń kan bàbà tí iná ń gbà kọjá. Ti èkejì yìí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí.

Bí iná ṣe wọ ilé wa

Kí iná mànàmáná tó dé, àtùpà elépo, àti lẹ́yìn rẹ̀ láńtánì oníkẹrosíìnì, ni ó ń lé òkùnkùn kúrò ní agboolé wa. Ní ọdún 1950 ni ìjọba amúnisìn fi òfin dá ECN sílẹ̀ láti máa bójú tó iná mànàmáná ní Nàìjíríà. Ìdídò Kainji lórí odò Ọya bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè iná ní ọdún 1968. Ní 1972, a da ECN pọ̀ mọ́ àjọ tí ń ṣàkóso àwọn ìdídò náà, a sì sọ wọ́n ní NEPA. Ìdídò ti Jẹ́bà, tí kò jìnnà sí wa, tẹ̀lé e ní àwọn ọdún 1980. NEPA di PHCN ní 2005. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2013 ni ìjọba fi pínpín iná lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, IBEDC tí ó fi Ìbàdàn ṣe ibùjókòó sì wà lára wọn. Òun ni ó ń pín iná fún Ìlọrin. Síbẹ̀, ahọ́n wa kò yí padà: bí iná bá dé lónìí, àwọn ọmọdé a ṣì máa hó pé NEPA ti mú un wá.

Ìtàn yìí kan iṣẹ́ wa gbọ̀ngbọ̀n. Ilé tí a fi wáyà sí ní ayé ECN, èyí tí a fi sí ní ayé NEPA, àti èyí tí a parí ní ọdún tí ó kọjá kò lè rí bákan náà. Ìlànà ti Britain ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wa ń tẹ̀lé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní Britain pàápàá, ọdún 1966 ni ìlànà náà tó sọ ọ́ di dandan pé kí wáyà ilẹ̀, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní ẹ́ẹ̀tì, dé ojú ibi tí iná àjà wà. Ẹ lè fi ojú inú wo iye ilé tí a ti parí kí ìlànà náà tó dé, àti iye èyí tí a kọ́ lẹ́yìn rẹ̀ láìka ìlànà kankan sí.

Ìṣirò kan láti kíláàsì Físíìsì

Ẹni tí ó bá jókòó ní kíláàsì Físíìsì yóò rántí òfin Ohm: bí a bá fi óòmù pín fóltì, ámpíà ni a ó rí. Iná ilé wa jẹ́ fóltì 230. Gílóòbù àtijọ́ tí ó jẹ́ 60 wáàtì ń gba 60 ÷ 230, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí 0.26 ámpíà. Ẹ jẹ́ kí a wá gbé ara ènìyàn yẹ̀ wò. Bí awọ ara bá tutù, tí òógùn bò ó, ìdènà rẹ̀ láti ọwọ́ dé ẹsẹ̀ lè lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí 1,000 óòmù. Bí a bá fi 1,000 pín 230, ìdáhùn rẹ̀ ni 0.23 ámpíà.

Ẹ fi nọ́ḿbà méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Iná tí ó tan gílóòbù kan ṣoṣo tó láti da ìlù ọkàn ènìyàn rú. Bẹ́ẹ̀ sì ni bíréékà tí ó ń ṣọ́ iná àjà sábà máa ń jẹ́ 6 tàbí 10 ámpíà. Kò ní já rárá nítorí 0.23 ámpíà, lójú tirẹ̀, ńṣe ni ó dà bí ìgbà tí a tan gílóòbù kan sí i. Ohun tí èyí ń kọ́ wa ni pé wáyà ni bíréékà ń dáàbò bò kí ó má baà gbóná jù kí ó sì gbiná. Kì í ṣe ènìyàn. Irú ẹ̀rọ tí ó ń dáàbò bo ènìyàn ni èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní RCD. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń wọn iná tí ó jáde lọ àti èyí tí ó padà wá. Bí 0.03 ámpíà péré bá sọnù lójú ọ̀nà, ó máa ń gé iná náà kíákíá. Ilé àtijọ́ kì í sábà ní in. Ilé tuntun tí kò ní in náà pọ̀.

Kò tán síbẹ̀. Iná tí kò tó pa ènìyàn lè gbọ̀n ọ́n dànù láti orí àkàbà. Ẹni tí iná kò pa, ilẹ̀ lè pa á.

Ilé àtijọ́

Ẹ jẹ́ kí a wọ ilé àtijọ́ kan lọ, irú èyí tí ó wà nínú agboolé ní ìhà Ọjà-Ọba tàbí Sábó-Òkè: ògiri amọ̀ tí a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, pánù tí ó ti dípẹtà, wáyà tí a kàn mọ́ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ lójú ògiri. Ohun méje ni ó yẹ kí a wò níbẹ̀.

Èkíní ni rọ́bà ara wáyà. Ooru abẹ́ pánù ti yan rọ́bà náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ẹ bá ti yí lámpù-hódà àtijọ́ náà díẹ̀, rọ́bà yóò máa rún bí èèpo ẹ̀pà, bàbà yóò sì yọ síta. Ẹ má ṣe gbé ohun èlò tuntun lé wáyà tí ó ti rún. Bí ó bá gùn tó, ẹ gé e padà dé ibi tí ó ṣì dára; bí kò bá gùn tó, ó ti di ọ̀rọ̀ yíyọ wáyà àtijọ́ kúrò kí a fi tuntun sí i. Eku àti ikán náà a máa bá wa ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí: eku ń jẹ rọ́bà, ikán ń jẹ pákó tí ó gbé wáyà dúró.

Èkejì ni wáyà ilẹ̀. Wáyà méjì péré ni ẹ ó bá ní àjà ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́: èyí tí ń mú iná wá, tí a ń pè ní láìfù, àti èyí tí ń dá a padà, tí a ń pè ní níútírà. Bí kò bá sí wáyà ilẹ̀, ẹ má ṣe gbé iná onírin tàbí onídẹ síbẹ̀. Bí láìfù bá fara kan ara irin náà lọ́jọ́ kan, gbogbo ara rẹ̀ ni yóò di láìfù, ẹni tí ó bá nu eruku orí rẹ̀ ni yóò sì fara gbá a. Ẹ ra èyí tí ó jẹ́ ike, tí àmì onígun mẹ́rin kékeré kan nínú onígun mẹ́rin mìíràn wà lára rẹ̀. Àmì náà ń sọ pé a kọ́ ọ láti ṣiṣẹ́ láìsí wáyà ilẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni iná tí kì í sùn. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, láìfù kọ́kọ́ ń dé àjà kí ó tó sọ̀kalẹ̀ lọ sí súìṣì. Ìyẹn ni pé bí ẹ tilẹ̀ pa súìṣì ara ògiri, láìfù ṣì wà lókè níbẹ̀ tí ó ń dúró de ọwọ́. Pípa súìṣì kì í ṣe pípa iná ilé.

Ẹ̀kẹrin ni súìṣì tí a so mọ́ wáyà tí kò yẹ. Àwọn kan a máa so súìṣì mọ́ níútírà dípò láìfù. Gílóòbù yóò kú bí a bá pa súìṣì, gbogbo ènìyàn yóò sì rò pé ewu ti lọ. Ṣùgbọ́n láìfù wà nínú lámpù-hódà ní gbogbo ìgbà.

Ẹ̀karùn-ún ni fíúsì. Nínú fíúsì àtijọ́, okùn bàbà tín-ín-rín ni ó yẹ kí ó wà, kí ó lè já nígbà ìṣòro. Nígbà tí ó bá já léraléra, àwọn kan á fi bàbà tí ó nípọn dí i. Láti ọjọ́ náà, fíúsì ti di ère: ó wà níbẹ̀, kò ṣọ́ nǹkan kan mọ́.

Ẹ̀kẹfà ni ìwọ̀n ooru. A máa ń kọ wáàtì tí lámpù-hódà lè gbà sí ara rẹ̀. Gílóòbù 100 wáàtì nínú ike tí a ṣe fún 60 yóò yan ike náà títí yóò fi fọ́, wáyà rẹ̀ yóò sì jóná díẹ̀díẹ̀.

Èkeje ni àjà fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé tí a kọ́ ní ayé ìgbà náà ní àjà asbestos, pátákó eléérú líle tí kì í jóná. Òkun-ara rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí i. Bí a bá fa á sínú, ó lè fa àìsàn ẹ̀dọ̀fóró àti jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ má ṣe lu ihò tuntun sínú irú àjà bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe fọ́ ọ, ẹ má sì ṣe fi ìgbálẹ̀ gbá ẹ̀rún rẹ̀ ní gbígbẹ. Ihò tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ lò, tàbí kí ẹ gbé iná tuntun náà lọ sí ara ògiri.

Ilé tuntun

Ẹ jẹ́ kí a kọjá sí ilé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní ìhà Tanke: àjà POP funfun, iná pẹlẹbẹ tí ó wọlé sínú àjà, àpótí bíréékà lẹ́bàá ìlẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ fani mọ́ra. Ewu tirẹ̀ ni pé ohun gbogbo wà ní ìpamọ́.

Àkọ́kọ́ nínú ewu náà ni pé iná ń gba ọ̀nà púpọ̀ wọlé. Ní ilé àtijọ́, ọ̀nà kan ṣoṣo ni iná ń gbà wọlé. Ní ilé òde òní, IBEDC wà níbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé, ínfátà àti bátìrì wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, sólà sì wà lórí òrùlé. Ẹni tí ó pa bíréékà tí iná IBEDC ń gbà wọlé lè máà mọ̀ pé ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà ni ínfátà ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn iná àjà ni a sì sábà máa ń so mọ́ ínfátà. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó fi ínfátà náà sí i pé bíréékà wo ni ó ń gé iná tí ó ń jáde láti inú rẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára.

Ìkejì ni àṣà wa pé kí a ṣe iṣẹ́ iná nígbà tí NEPA bá mú iná lọ. Iná tí a mú lọ kì í ṣe iná tí a pa. Ẹni tí ó mú un lọ kò mọ̀ pé ẹ wà lórí àkàbà. Kò ní bèèrè lọ́wọ́ yín kí ó tó dá a padà.

Ìkẹta ni ìwúwo. POP kò lè gbé nǹkan. Iná ẹlẹ́ka pálọ̀ àti fáànù àjà gbọ́dọ̀ rọ̀ mọ́ pákó òrùlé tàbí ìkọ́ irin tí a rì sínú kọnkéré. Ohun tí a fi sùkúrúù dè mọ́ POP nìkan yóò wá ilẹ̀ lọ́jọ́ kan, a kò sì mọ ẹni tí yóò jókòó sábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìkẹrin ni wáyà ilẹ̀ tí kò dé ilẹ̀. Nínú ilé mìíràn, ẹ ó rí wáyà aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò ní àjà, ẹ ó sì yọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tọ̀ ọ́ lọ, ẹ ó rí i pé inú àpótí bíréékà ni ó parí sí. Kò sí ọ̀pá kankan tí ó wọ ilẹ̀. Bí ọ̀pá náà bá tilẹ̀ wà, ilẹ̀ gbígbẹ kì í gbé iná dáadáa, nítorí náà ìgbà ọyẹ́ ni ó yẹ kí oníṣẹ́ wọ̀n ọ́n wò, nígbà tí ilẹ̀ Ìlọrin ti le koko.

Ìkarùn-ún ni ìwọ̀n wáyà. Wáyà 1.5 mílímítà oníbùú-mẹ́rin ni a sábà ń lò fún iná àjà, 2.5 fún sọ́kẹ́ẹ̀tì. Wáyà ayédèrú a máa ru nọ́ḿbà wọ̀nyí lára, ṣùgbọ́n bàbà inú rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wá àmì MANCAP tí àjọ SON ń fún ọjà tí a ṣe ní Nàìjíríà, kí ẹ sì rà á níbi tí a ti mọ̀ yín.

Àwọ̀ wáyà kì í ṣe ẹlẹ́rìí

Apá yìí kan àwọn ọmọ wa tí ó wà ní òkè òkun jù lọ. Ní ìlànà àtijọ́ ti Britain tí a jogún, pupa ni láìfù, dúdú ni níútírà, àwọ̀ ewé ni ilẹ̀. Láàrin 2004 sí 2006 ni Britain fi búráùn rọ́pò pupa, tí wọ́n sì fi búlúù rọ́pò dúdú. Ní Amẹ́ríkà, dúdú ni láìfù, funfun ni níútírà.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ọmọ tí ó kọ́ iṣẹ́ ilé ní Houston mọ dúdú sí wáyà ewu. Bí ó bá dé ilé bàbá rẹ̀ ní Ìlọrin, dúdú ni ó yẹ kí ó jẹ́ wáyà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, pupa sì ni ewu. Ọmọ tí ó ti London dé mọ búlúù sí níútírà. Ṣùgbọ́n nínú ilé wa tí wáyà oníná mẹ́ta wọ̀, pupa, yẹ́lò àti búlúù ni láìfù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Búlúù tí ó ń fọkàn tán lè jẹ́ fóltì 230. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ tún rántí pé níbi súìṣì, wáyà méjèèjì tí ó wọ inú rẹ̀ ni ó ń ru láìfù nígbà tí iná bá ń tàn, yálà pupa ni wọ́n tàbí dúdú; àti pé oníṣẹ́ tí wáyà pupa tán lọ́wọ́ rẹ̀ lè ti fi dúdú parí iṣẹ́. Àwọ̀ ń sọ ohun tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀. Ohun èlò ìdánwò nìkan ni ó ń sọ ohun tí ó wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún kan ẹrù láti òkè òkun. Fóltì 120 ni iná ilé ní Amẹ́ríkà. Iná ẹlẹ́ka tí a rà níbẹ̀ lè máà wúlò níbí. Ẹ ka ohun tí a kọ sí i lára: bí ó bá jẹ́ 100 sí 240, kò sí ìṣòro, bí ó bá jẹ́ 120 nìkan, ẹ má fi owó ọkọ̀ òkun ṣòfò.

Ìgbésẹ̀ méje

1. Ẹ ka ara ohun èlò tuntun náà kí ẹ tó rà á: fóltì, wáàtì, bóyá ó nílò wáyà ilẹ̀, bóyá gílóòbù oní-pin tàbí oní-sùkúrúù ni ó ń gbà.

2. Ẹ gé gbogbo iná tí ó ń wọlé: ti IBEDC, ti jẹnẹrétọ̀, ti ínfátà. Bí fíúsì bá ni, ẹ yọ ọ́ kí ẹ sì fi sínú àpò yín. Bí bíréékà bá ni, ẹ lẹ ìwé mọ́ ọn, kí àgbàlagbà kan sì dúró tì í.

3. Ẹ dán ohun èlò ìdánwò wò ní ibi tí ẹ mọ̀ pé iná wà kí ẹ tó gé e. Lẹ́yìn náà, ẹ dán gbogbo wáyà àjà wò, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ìparí, ẹ tún dán ohun èlò náà wò níbi tí iná wà, kí ó lè dá yín lójú pé kò kú sí yín lọ́wọ́. Tẹ́sítà kékeré tí ó ní iná nínú dára fún ìkìlọ̀, ṣùgbọ́n oòrùn lè bo ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Èyí tí ó ní ẹsẹ̀ méjì ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé.

4. Ẹ ya fọ́tò bí wáyà ṣe wà kí ẹ tó tú ẹyọ kan.

5. Ẹ so wáyà nínú kọ̀nẹ́kítọ̀ tí ó fún un dáadáa. Ọ̀rá àti téèpù ìwé kì í ṣe ìdè iná. Nínú lámpù-hódà oní-sùkúrúù, láìfù gbọ́dọ̀ lọ sí àárín ìsàlẹ̀. Bí ó bá lọ sí ara irin tí gílóòbù ń yí wọ̀, ọwọ́ ẹni tí ó bá ń yí i ni yóò kàn án.

6. Ẹ fa wáyà kọ̀ọ̀kan díẹ̀. Èyí tí ó bá yọ báyìí sàn ju èyí tí yóò yọ lóru.

7. Ẹ tan iná náà, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ó bá ń kùn, tí ó ń rùn, tàbí tí LED bá ń tàn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ lẹ́yìn tí a pa súìṣì, ó lè jẹ́ pé súìṣì wà lára níútírà. Ẹ pe oníṣẹ́.

Fúlọ́rẹ́sẹ́ǹtì ní àlàyé tirẹ̀. Ọ̀pá LED tuntun kan ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú choke àtijọ́, òmíràn ń fẹ́ kí a yọ choke àti starter kúrò pátápátá. Ẹ tẹ̀lé ìwé inú páálí rẹ̀. Mẹ́kúrì, tí í ṣe májèlé, wà nínú ọ̀pá àtijọ́ náà, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ṣeré idà.

Bí iná bá mú ẹnìkan, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án. Ẹ gé iná ná. Bí kò bá ṣeé gé, ẹ fi igi gbígbẹ tàbí ike tì í kúrò, kí ẹ dúró lórí ohun gbígbẹ. Bí kò bá mí mọ́, kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà rẹ̀, kí ẹlòmíràn sì wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tí iná mú tí ó sì dìde náà gbọ́dọ̀ rí dókítà.

Èrè rẹ̀, àti ibi tí ó yẹ kí a dúró

Iṣẹ́ yìí lérè. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, a gbé owó iná fún àwọn tí ó wà ní Band A lọ sí náírà 225 fún yúníìtì kan. Gílóòbù mẹ́wàá oní 60 wáàtì tí ó tàn fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ yóò jẹ yúníìtì 108 ní ọgbọ̀n ọjọ́. Owó rẹ̀ jẹ́ náírà 24,300. LED mẹ́wàá oní 9 wáàtì, fún wákàtí kan náà, yóò jẹ yúníìtì 16.2, owó rẹ̀ jẹ́ náírà 3,645. Èrè oṣù kan jẹ́ náírà 20,655. Owó yúníìtì ti yí padà láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ìṣirò náà kò yí. Ẹ kíyè sí i pé gílóòbù nìkan ni a pààrọ̀ níbẹ̀. Nínú ilé àtijọ́ tí lámpù-hódà rẹ̀ ṣì le, èyí nìkan lè tó. LED kì í gbóná tó gílóòbù àtijọ́, nítorí náà ó tún ń fi wáyà àgbà lọ́rùn sílẹ̀.

Ibi tí ó yẹ kí a dúró náà wà. Bí rọ́bà wáyà bá ti rún, bí fíúsì bá ń já léraléra, bí kò bá sí wáyà ilẹ̀ tí ẹ sì fẹ́ gbé iná onírin síbẹ̀, bí ínfátà bá wà tí ẹ kò mọ bí ó ṣe rìn, ẹ sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà. Àjọ NEMSA, tí òfin ọdún 2015 gbé kalẹ̀, ni ó ń yẹ iṣẹ́ iná wò tí ó sì ń fún àwọn oníṣẹ́ ní ìwé ẹ̀rí. Ẹ bèèrè ìwé náà láìtijú. Owó oníṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ kò tó owó pósí. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú ilé

1. Kí ni ìdí tí bíréékà 6 ámpíà kò fi lè gba ẹni tí iná mú là?
2. Ọ̀nà mélòó ni iná ń gbà wọ ilé yín? Ta ni ó mọ bí a ṣe ń gé gbogbo wọn láàrin ilé, yàtọ̀ sí bàbá?
3. Irú àjà wo ni ó wà ní ilé àwọn òbí yín àgbà? Ìgbà wo ni a ti fi wáyà sí i?
4. Kí ni dúdú túmọ̀ sí ní Ìlọrin, kí ni ó sì túmọ̀ sí ní Houston?
5. Fi gílóòbù ilé yín ṣe ìṣirò tí ó wà lókè yìí. Èló ni ẹ lè fi pamọ́ lóṣù?

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ pe àwọn ọmọ yín sídìí àpótí bíréékà lálẹ́ òní, kí ẹ sì fi hàn wọ́n bí a ṣe ń gé iná ilé. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde, kí ẹ tó gun àkàbà ní yàrá Màmá, ẹ kọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè kan: ọdún wo ni a fi wáyà sí ilé yìí? Ìdáhùn rẹ̀ ni yóò sọ fún yín bóyá iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, tàbí iṣẹ́ oníṣẹ́.